Àlàyé lórí Ẹ̀rọ Aṣẹ̀dá-Ìró Ánálọ́ọ̀gù àti Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ tí Kò Jẹ́ Kí Ó Parun

Àṣamọ̀

Ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ìró ánálọ́ọ̀gù, tí àwọn olórin ń pè ní síńtísáísà, jẹ́ ohun èlò orin tí iná mànàmáná ń bí ìró rẹ̀. Láti ọdún 1964 títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ó gbilẹ̀ jù lọ, kí ẹ̀rọ díjítà tó lé e kúrò lọ́jà. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ìlù dùndún ṣe àfiwé kí àlàyé náà lè yé akẹ́kọ̀ọ́. Ó tún fi hàn pé ohun tó gba ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ ìparun ni pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ tú u wò, wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n mọ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà gúnlẹ̀ sórí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ Yorùbá lè rí fà yọ nínú ìtàn yìí.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ìró mu rẹ́gí. Lóde òní, kọ̀ǹpútà kékeré lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìró jáde láìsí wàhálà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Jàpáànù ṣì ń wá ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ń ra èyí tó ti dákẹ́, wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń kan tuntun ní ìlànà ti àtijọ́.

Ẹni tó bá wo ìṣe wọn lóréfèé lè sọ pé ìfẹ́ ohun àtijọ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tó kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n: kí ló ń mú kí ohun èlò kan wà láàyè lẹ́yìn tí àwọn tó ń ṣe é tà ti dáwọ́ dúró? Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti ṣẹ̀ wá àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Orísun ẹ̀rọ náà

Kì í ṣe ọdún 1964 ni ènìyàn kọ́kọ́ fi iná mànàmáná kọrin. Ní nǹkan bí ọdún 1920, Léon Theremin, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti ṣe ohun èlò kan tó ń dún bí ènìyàn bá ń ju ọwọ́ nínú afẹ́fẹ́ níwájú rẹ̀, láìfọwọ́ kàn án rárá. Láti ìgbà èwe ni Robert Moog (1934–2005), ọmọ bíbí ìlú New York, ti ń kan irú ohun èlò yìí. Ní ọdún 1963, ó pàdé Herbert Deutsch, tó jẹ́ olórin àti olùkọ́ orin. Moog mọ iná, Deutsch mọ orin. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè; àjọṣe àwọn méjèèjì ló bí ẹ̀rọ tí Moog gbé wá síwájú ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ìró ní New York ní oṣù kẹwàá ọdún 1964.

Láàárín àwọn ọdún kan náà, ní ìpínlẹ̀ California, Don Buchla ń kan ẹ̀rọ tirẹ̀ fún àwọn olórin bíi Morton Subotnick àti Ramon Sender. Buchla kò fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ ní bọ́tìnnì funfun àti dúdú bíi ti dùùrù, nítorí ó gbà pé bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ yóò dá olórin padà sí orin tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Moog ní tirẹ̀ gba bọ́tìnnì dùùrù láàyè. Ìyàtọ̀ èrò yìí ṣì wà láàárín àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ náà títí di òní.

Àwo orin tí Wendy Carlos gbé jáde ní ọdún 1968, Switched-On Bach, ló sọ ẹ̀rọ Moog di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹ̀rọ ìgbà náà tóbi bí àpótí aṣọ, wáyà sì kún ojú rẹ̀. Ní ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Moog gbé Minimoog jáde: èyí ṣe é gbé lọ sí òde eré, wọ́n sì ti so wáyà rẹ̀ pọ̀ láti inú.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yà mẹ́rin ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú ẹ̀rọ yìí. Èkíní ni abíró, èyí tí iná inú rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná náà bá lọ tó bọ̀ ní ìgbà 220, etí yóò gbọ́ ohùn kan. Bí ó bá di ìgbà 440, etí yóò gbọ́ ohùn kan náà ní òkè, bí ìgbà tí obìnrin bá gbe orin tí ọkùnrin dá. Ọ̀nà tí iná náà ń gbà lọ tó ń gbà bọ̀ tún ní àwòrán tirẹ̀. Èyí tó rí bí eyín ayùn máa ń ta létí bíi ti fèrè idẹ. Èyí tó rí bí àpótí onígun mẹ́rin máa ń ní inú ṣófo bíi fèrè onígi.

Èkejì ni asẹ́. Gẹ́gẹ́ bí asẹ́ ògì ṣe ń gba omi ògì láàyè tó sì ń dá èèrí dúró, bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ yìí ń gba apá kan ìró láàyè tó sì ń dá apá kejì dúró. Asẹ́ tí Moog ṣe, tí ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1969, ni wọ́n ń pè ní àkàbà, nítorí pé àwòrán tiransísítọ̀ inú rẹ̀ to léra bí ìgbésẹ̀ àkàbà. Ẹ̀kẹta ni amóhùn-rinlẹ̀, tó ń pinnu bí ìró yóò ṣe ròkè tó. Ẹ̀kẹrin ni atọ́kùn ìró. Òun ló ń sọ bí ìró yóò ṣe dìde, bí yóò ṣe rọlẹ̀ díẹ̀, ibi tí yóò dúró sí, àti bí yóò ṣe kú lẹ́yìn tí ọwọ́ bá kúrò. Bí ìró bá dìde lójijì tó sì tètè kú, yóò jọ ìlù. Bí ó bá rọra dìde, yóò jọ gòjé.

Ohun tó so ẹ̀yà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni fóltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ nínú wáyà. Nínú ìlànà Moog, bí fóltéèjì tó wọ abíró bá fi fóltì kan lé sí i, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ohùn 220 yóò di 440. Bí a bá tún fi fóltì kan kún un, yóò di 880. Ẹ̀yà kan lè fi fóltéèjì darí ẹ̀yà mìíràn, ìdí nìyí tí wáyà fi pọ̀ lójú ẹ̀rọ náà.

Ẹni tó bá mọ dùndún kò ní í pẹ́ lóye èyí. Nínú dùndún, ọ̀sán tó so ojú awọ méjèèjì pọ̀ ló ń darí ohùn. Bí onílù bá fún ọ̀sán mọ́ra, awọ yóò le, ohùn yóò sì ròkè. Bí ó bá dẹ ọwọ́, ohùn yóò wálẹ̀. Fífún ọ̀sán ni iṣẹ́ tí fóltéèjì ń ṣe nínú ẹ̀rọ. Nínú méjèèjì, ohùn kò fò láti orí àtẹ̀gùn kan sí èkejì. Ó lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìdánudúró, gẹ́gẹ́ bí ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́ròkè àti ẹlẹ́yọ̀ọ́rodò ṣe ń yọ́ nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Dùùrù onígi kò lè ṣe èyí, nítorí ohùn inú rẹ̀ ti dúró sójú kan.

Àfiwé yìí ní ààlà o. Awọ ni ó ń gbọ̀n nínú dùndún, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ìró rẹ̀ lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ẹ̀rọ aṣẹ̀dá-ìró, iná nìkan ló ń gbọ̀n títí ó fi dé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Dùndún tún ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tó gbédè. Ẹ̀rọ kò ní èdè kankan ju èyí tí olórin bá fi sí i lẹ́nu. Síbẹ̀, àléébù wọn jọra. Bí ojú ọjọ́ bá tutù, awọ ìlù a rọ̀, onílù a sì sá a sóòrùn. Bí ooru bá yí padà, ohùn abíró àtijọ́ náà a yẹ̀, olórin a sì dúró kí ẹ̀rọ rẹ̀ móoru kí ó tó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

Ìdí tí ọjà fi kọ̀ ọ́ sílẹ̀

Àléébù yìí gan-an ni ẹ̀rọ díjítà wá mú kúrò. Ní ọdún 1983, ilé iṣẹ́ Yamaha ní Jàpáànù gbé DX7 jáde, èyí tó dá lórí àwárí John Chowning ní Yunifásítì Stanford. Ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀, ó lè dún ní ohùn mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń rántí ìró tí olórin bá tò sínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni MIDI dé, ìlànà tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan lè bá ti òmíràn sọ̀rọ̀. Dave Smith ọmọ Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ọmọ Jàpáànù ló ṣe aṣáájú rẹ̀. Ní àsìkò yìí, ilé iṣẹ́ ARP ti wó ní ọdún 1981. Sequential Circuits, ilé iṣẹ́ Smith fúnra rẹ̀, wó ní ọdún 1987.

Orin ilẹ̀ Yorùbá náà kò ṣàìgbọ́ nípa ìyípadà yìí. Nínú àwo Synchro System tí King Sunny Adé gbé jáde ní ọdún 1983, ìró síńtísáísà wà pẹ̀lú gìtá àti ìlù dùndún.

Ohun tí ẹnìkan sọ nù ni ẹlòmíràn ṣà. Ilé iṣẹ́ Roland ṣe TR-808, ẹ̀rọ onílù, láti ọdún 1980 sí 1983. Ó ṣe TB-303 ní ọdún 1981 kí ó lè dípò onígìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà kò gbà á, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1984. Owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń rí i rà ní àlòkù. Ní Chicago, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ Phuture ń yí kókó ojú rẹ̀ bí orin ti ń lọ lọ́wọ́, ohun tí àwọn tó ṣe é kò rò rí. Orin wọn, Acid Tracks, jáde ní 1987, ó sì di orísun ẹ̀ka orin kan tí ayé ń jó sí.

Bí àwọn olólùfẹ́ ṣe gbà á là

Ìfẹ́ nìkan kì í tún ẹ̀rọ ṣe. Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ yìí ṣe. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀. Láti ọdún 1972 ni Bernie Hutchins ti ń tẹ ìwé Electronotes jáde ní Ithaca ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti ń ṣàlàyé ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwòrán, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kan tirẹ̀.

Èkejì ni ìlànà àjùmọ̀lò. Ní àárín àwọn ọdún 1990, Dieter Doepfer ní Jámánì gbé A-100 jáde. Gíga ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílímítà 128.5, iná tó ń lò sì jẹ́ fóltì 12. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà tó bá ìwọ̀n yìí mu, títí ó fi di ìlànà Eurorack tí oníṣẹ́ ọwọ́ kékeré àti ilé iṣẹ́ ńlá jọ ń lò.

Ẹ̀kẹta ni pípín ìmọ̀ fún ẹlòmíràn. Émilie Gillet ní ilẹ̀ Faransé fi àwòrán ẹ̀yà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀, Mutable Instruments, ń ṣe síta lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ó ti ilé iṣẹ́ náà pa ní ọdún 2022, àwọn mìíràn ń bá ṣíṣe ẹ̀yà náà lọ, nítorí ìmọ̀ rẹ̀ kò bá ilẹ̀kùn náà tì.

Ibi tí àwọn olólùfẹ́ bá ti pọ̀ tó, ọjà a padà wá. Korg tún MS-20 ti ọdún 1978 ṣe ní 2013. CEM3340, ẹ̀yà kékeré tí ọ̀pọ̀ abíró àtijọ́ gbára lé, tún padà sí ọjà ní 2016.

Èyí kò sọ pé gbogbo ìwà wọn ló dára. Àwọn kan ń kó ẹ̀rọ jọ bí ohun ọ̀ṣọ́ láìfi kọrin kan, èyí sì ti sọ ẹ̀rọ tí ọ̀dọ́ aláìlówó ń rí rà tẹ́lẹ̀ di ohun ọlọ́rọ̀. Àkójọ tí kò bá ní ẹ̀kọ́ nínú, sàréè tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Ẹ̀kọ́ fún olùkọ́

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé èdè Yorùbá tó láti fi kọ́ ìmọ̀ ìró. Asẹ́, ọ̀sán, eyín ayùn àti àkàbà jẹ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ láti ilé. Bí olùkọ́ bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fóltéèjì àti ìgbọ̀nrìrì kò ní í jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ló wúwo jù. A ti gbọ́ ọ nígbà púpọ̀ pé kí àṣà má parun, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó lè to orúkọ ìlù lẹ́sẹẹsẹ ni kò lè ṣàlàyé bí ọ̀sán ṣe ń yí ohùn padà, irú igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù, tàbí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú awọ kí ó tó di ojú ìlù. Orúkọ nìkan kò lè tún ìlù tó ya ṣe. Olùkọ́ tó bá mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ àyàn, tó ní kí wọ́n wo bí ó ṣe ń fa ọ̀sán, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n wọn ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n sì kọ àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá pẹ̀lú àṣẹ àyàn náà, ti ṣe iṣẹ́ tí Electronotes ṣe.

Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé bí fóltéèjì ṣe ń darí ìró nínú ẹ̀rọ ánálọ́ọ̀gù, bí ọjà ṣe kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ láti ọdún 1983, àti bí àkọsílẹ̀, ìlànà àjùmọ̀lò àti pípín ìmọ̀ ṣe dá a padà. Ilé iṣẹ́ lè wó, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè kú. Ohun èlò tí ẹlòmíràn mọ inú rẹ̀ kò tíì kú. Ọwọ́ olùkọ́ ni ó kù sí kí ìlù ilẹ̀ Yorùbá lè ní irú ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ ní ìran tó ń bọ̀.