Káńsù Ọ̀tà àti Odò Tó Ń Ṣàn Lọ sí Èkó

Ọdún 1989 ni wọ́n yọ Ọ̀tà kúrò lára Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifọ̀/Ọ̀tà, tí wọ́n so ó mọ́ Adó-Odò àti Ìgbẹsà, ó di Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ó fara kan Èkó, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé-iṣẹ́ irin, ike, ọṣẹ àti oúnjẹ fi kún ibẹ̀ dé Ṣàngó-Ọ̀tà. Àgbárá, ìlú ilé-iṣẹ́ mìíràn, náà wà lábẹ́ káńsù yìí.

Odò Atuwara ló ń gba omi ìdọ̀tí àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà. Ó ń lọ sínú odò Owo, Owo sì ń lọ sí ọ̀sà Ologe ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Kí ló wà lọ́wọ́ káńsù nínú èyí? Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbé ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, gọ́tà àti kíkó pàǹtí lé e lọ́wọ́. Ti odò ẹran yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ní 2008, àwọn olùwádìí Yunifásítì Covenant tó wà ní Ọ̀tà tẹ ìwádìí jáde lórí omi odò ẹran tó ń wọ odò Illo níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tó bá wọ omi, kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ ẹ́; bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí tán. Nítorí náà, ibi tí káńsù bá ní kí wọ́n ti máa pa màlúù, àti ibi tí ó bá kọjú gọ́tà sí, ló ń sọ bí odò yóò ṣe rí.

Láyé àtijọ́, wòléwòlé káńsù a máa yọjú wo inú àmù, ó ń wá tanwíjí. Ṣùgbọ́n páìpù ilé-iṣẹ́ ńlá ní tirẹ̀, NESREA, àjọ àyíká tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2007, àti àjọ àyíká ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ilé-iṣẹ́ sí, òfin ilẹ̀ ti 1978 náà pín agbára: ilẹ̀ ìgboro wà lọ́wọ́ gómìnà, ti oko wà lọ́wọ́ káńsù. Oko Ọ̀tà mélòó ló ṣẹ́ kù?

Lọ́jọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sápò wọn. Owó gọ́tà wà nínú rẹ̀. Àwọn apẹja Ologe, tí omi náà ń dé bá, kì í dìbò yan alága Ọ̀tà.