Vim, Neovim àti Lẹ́tà Alámì Ìsàlẹ̀

Vim jẹ́ ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà tí Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní ọdún 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn tí Moolenaar kò gba àtúnṣe ńlá kan wọlé láti ọwọ́ Thiago de Arruda, ará Bràsíl, Arruda ya ẹ̀dà tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó pè é ní Neovim.

Àṣẹ tí à ń tẹ̀ nínú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ wọn, bí èdè Lua tí Neovim gbà mọ́ra, kò kan ẹni tí kì í ṣe amọṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Èyí tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ Yorùbá tàbí Ẹ̀dó ní ìlú Benin ni ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà. UTF-8 nìkan ni Neovim ń lò nínú ara rẹ̀. Vim ní tirẹ̀ a máa wo èdè tí a yàn fún kọ̀ǹpútà. Lórí Linux, bí a kò bá yan ọ̀kankan, Latin-1 ni yóò lò. Latin-1 ní é àti à, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. “Ọba” gan-an, ọ̀rọ̀ tí èdè méjèèjì jọ ní, kò ṣeé kọ nínú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ a sì máa hàn bí áº¹. Ẹni tí ó bá ń lo Vim, kí ó kọ set encoding=utf-8 sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì .vimrc rẹ̀ kí ó tó ṣí iṣẹ́ kankan.