Ìwé Ìlàlóye fún Oníṣòwò Kékeré: Bí A Ṣe Ń Fi Ìwé Ọjà Pamọ́ sí Cloud

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin bàbá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin tí Ajé Ògúgúlùsọ̀ fi àkàtà yín ṣe ibùgbé, ọ̀rọ̀ ìwé àwìn yín ni ọ́fíìsì wa fẹ́ bá yín sọ, nítorí pé nínú gbogbo ohun tó ń bẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ni ẹ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́. Ẹ wo ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta: ìwé tó fi ń kọ àwìn sílẹ̀ wà lábẹ́ tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀, aró ti kùn ún lẹ́yìn, etí rẹ̀ ti ká, orúkọ àwọn tó gbé aṣọ lọ sí Èkó tí wọn kò tí ì sanwó kún inú rẹ̀, a fi bíró kọ òmíràn, a fi pẹ́ńsùlù kọ òmíràn, ó sì jẹ́ pé bí òjò bá gba ojú ihò páànù wọlé lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, bíró yóò ṣàn, orúkọ yóò pòórá, onígbèsè yóò sì di ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ilé ọba ló jó tí ẹwà bù sí i. Ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò kékeré tó bá jó, gbèsè ló ń bù sí i. Àwa tí a rántí iná tó jó ní ọjà Balógun l'Ékòó ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 2019 mọ̀ pé iná kì í jó aṣọ kí ó yọ ìwé sílẹ̀.

Ohun tí a ń pè ní cloud, èyíinì ni àwọsánmà, kò sí lójú ọ̀run rárá. Ilé ni, irú rẹ̀ wà ní Lẹ́kì l'Ékòó níhìn-ín, tí kọ̀ǹpútà tò lọ rẹrẹ nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru, tí jẹnẹrétọ̀ sì wà nílẹ̀ dè wọ́n bí iná bá lọ. Ẹni tó fẹ́ lọ ata kì í torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ. Igbá ata rẹ̀ ni yóò gbé dé ilé ẹ̀rọ, yóò san owó ìwọ̀n ohun tó lọ, yóò sì gbé ata rẹ̀ relé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Amazon ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààyè ìpamọ́ àti agbára kọ̀ǹpútà háyà fún àwọn oníṣòwò ní ọdún 2006, tí kálukú sì ń san ìwọ̀n ohun tó lò.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò tilẹ̀ ní san nǹkan kan. Google ń fún ẹni tó bá ní ímeèlì lọ́dọ̀ wọn ní ààyè 15 gigabyte lọ́fẹ̀ẹ́, ìwé àwìn ọdún mẹ́wàá kò sì lè kún igun kan nínú rẹ̀. Fọ́tò àti fídíò ni í jẹ ààyè. Ẹ ṣí Google Sheets, èyíinì ni ìwé ìṣirò onílà ti Google, lórí fóònù yín, kí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ, ọjà, iye owó, ohun tí ó san àti ohun tó kù. Ẹ sì sọ fún un kí ó máa ṣí láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ni íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ségesège mọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ló ká wa lára jù. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì jẹ́ pé ọmọkùnrin tó ta fóònù fún yín ni ó ṣí ímeèlì yín, tí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ sí i, tí òun nìkan sì mọ password rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ fún ọmọ iṣẹ́ ní ọ̀nà ìwọlé tirẹ̀, lọ́jọ́ tó bá gba òmìnira kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí Google máa bèèrè nọ́ńbà àṣírí kan lẹ́yìn password kí ó tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹ má sì ka nọ́ńbà náà fún ẹni tó bá pè yín lórí fóònù, ì báà sọ pé òun ti báńkì wá. Nọ́ńbà mẹ́wàá kan wà tí Google yóò fún yín fún ọjọ́ tí síìmù bá sọnù: ẹ kọ wọ́n sórí bébà, kí ẹ fi wọ́n sínú àpò tí ìwé ilẹ̀ yín wà. Orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín, ohun oní-nǹkan ni. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì dáàbò bò ó.

Ilé kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní cloud náà a máa jó. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná sọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ìlú Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn tí wọn kò sì ní ẹ̀dà mìíràn níbòmíràn pàdánù iṣẹ́ wọn pátápátá. Nítorí náà, ẹ ní kí ọmọ yín máa da ìwé náà sórí flash lóṣooṣù, kí flash náà sì máa gbé ilé, kì í ṣe ọjà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó bá kẹ́yìn oṣù, ẹ dán an wò bóyá ìwé yín ṣì wà nínú cloud: ẹ yá fóònù ẹlòmíràn nínú ilé, ẹ fi ímeèlì yín wọlé, kí ẹ wá orúkọ oníbàárà kan tó jẹ yín lówó. Bí orúkọ náà bá jáde pẹ̀lú iye owó rẹ̀, ẹ yọ ímeèlì yín kúrò lórí fóònù náà, kí ẹ dá a padà fún olóhun. Bí kò bá jáde, ẹ gbé fóònù yín wá sí ọ́fíìsì wa, ọ̀fẹ́ ni, kí a jọ wo ibi tó ti há.