Àkọ̀ Tó Yẹ Ìbọn Ẹlẹ́tù

Awọ ewúrẹ́ mẹ́ta wà lórí tábìlì oníṣọ̀nà awọ kan nítòsí Ọjà Tìmì, ní Ẹdẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ṣakabùlà lọ́wọ́. Àkọ̀ ló fẹ́ rán, èyí tí yóò bo ibi tí ìbọn náà ti ń tanná, kí ẹ̀tù má baà rin lásìkò òjò.

Kí bàbá oníṣọ̀nà náà tó fọwọ́ kan awọ, ìbọn ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó ti ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki ìbọn bọ ẹnu rẹ̀ títí tó fi kanlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò sàmì síbi tó mọ, ó yọ ọ̀pá náà, ó sì tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn. Ọ̀pá dé ìdí ihò. Kò sí ẹ̀tù, kò sí ọta nínú rẹ̀.

"Bàbá, awọ pupa yìí ló wù mí," ni ọdẹ wí.

Bàbá gé etí awọ náà, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Àárín rẹ̀ rí bí eérú, ó tún fẹ́ jọ búlúù. "Wò ó, ọmọ mi. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe èyí. Ó dára fún bàtà, àmọ́ ó lè ba irin jẹ́."

Èyí tó mú ni èyí tí wọ́n fi èso booni ṣe, tí àárín rẹ̀ pọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. Láyé àtijọ́, irú awọ ewúrẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ń gbé láti Kánò àti Sókótó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Mòrókò, tí àwọn ará Yúróòpù fi ń pè é ní awọ Mòrókò.

Ẹ̀tù ló fa gbogbo àyẹ̀wò yìí. Bí a bá dá ẹ̀tù sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 75 jẹ́ iyọ̀ kan tó ń ran iná lọ́wọ́, 15 jẹ́ èédú, 10 jẹ́ imí ọjọ́. Bó bá jó tán, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń di èérí, tí apá kan rẹ̀ sì ń ṣẹ́ kù sínú ìbọn. Èérí yìí a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, irin a sì dógùn-ún. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ní ti ìbọn ẹlẹ́tù, àkọ̀ tí kò dára náà lè ba ìbọn jẹ́.

Bàbá fi ọ̀rá wé ìbọn. Ó rẹ awọ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí tí kò fi hó mọ́, ó fi bò ó, ó sì ń fi ìdí ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí tí gbogbo kọ̀rọ̀ ìbọn fi hàn lára rẹ̀. Abẹ́ ibòji ló gbé e sí, nítorí oòrùn a máa mú kí awọ le.

Ìlú tí wọ́n ti mọyì ohun ìjà ni Ẹdẹ. Ìtàn sọ pé Tìmì Àgbàlé, tafàtafà tí ọfà rẹ̀ ń gbé iná, ni Aláàfin rán wá tẹ̀ ẹ́ dó. Apó ni tafàtafà ń kó ọfà rẹ̀ sí. Ọdẹ òde òní nílò àkọ̀.

Nígbà tí awọ gbẹ, rírán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi ìda oyin pa òwú. Abẹ́rẹ́ méjì ló fi ń rán an, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì, tí wọ́n jọ ń gba ojú ihò kan náà kọjá. Bí ojú rírán kan bá já, ìyókù kò ní í tú. Ó fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ojú rírán kí irin má baà gé òwú, ó sì lu ihò kékeré sísàlẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan ti yọjú, tó ń bèèrè àkọ̀ ìbọn ìléwọ́. Bàbá ní òun kò rán irú rẹ̀. Ó sì jàre. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ṣakabùlà mọ́ ìbọn tí aráàlú lè gba ìwé àṣẹ lé lórí, àmọ́ ó fòfin de gbogbo ìbọn ìléwọ́, títí kan àwọn tó ń lo ẹ̀tù bí irú èyí tí ilé iṣẹ́ Colt ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1851. Ààrẹ Nàìjíríà nìkan ló lè fúnni láṣẹ ìbọn ìléwọ́. Síbẹ̀, ọgbọ́n tí bàbá ń lò yìí náà ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ìgbà náà lò: wọ́n fi ìdérí awọ ńlá sẹ́nu àkọ̀ wọn kí òjò má baà dé ibi ẹ̀tù.

Bàbá ti ìbọn bọ àkọ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ lókè ẹní, ó mì í. Ìbọn kò yọ̀. Ibi tí ìka ń fà náà bò dáadáa, igi tàbí okùn kò lè kọ́ ọ. Nígbà náà ló tó gbà pé iṣẹ́ parí.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹwà awọ nìkan fà yín. Ẹ gé etí rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì ti ìgbẹ́ dé, ẹ yọ ọta àti ẹ̀tù inú ìbọn kúrò, ẹ yọ ìbọn nínú àkọ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ inú rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró pa á, kí ẹ sì tì í mọ́bi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ẹ kọ́ àkọ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ yìí pẹ̀lú, nítorí ẹni tó mọ àkọ̀ rán mọ ohun tó ń dáàbò bo ọdẹ àti àwọn tó ń bá a gbé.