Ìmọ́lẹ̀ Tí Ó Ń Fẹ́ Ẹlẹ́rìí Méjì

Bí mànàmáná bá kọ lójú ọ̀run Modákẹ́kẹ́ ní alẹ́ òjò, tọmọdé tàgbà ni yóò rí i, oníkálukú yóò sì máa retí àrá. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ mìíràn wà tí ń kọ yẹ̀rì lókè wa lóròòru tí ojú lásán kò lè rí. Kò lágbára, kì í sì í pẹ́ ju nánósẹ́kọ́ǹdì mélòó kan lọ.

Kí ni nánósẹ́kọ́ǹdì? Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀, tí ń rin nǹkan bí kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í rìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ láàárín àkókò yìí. Gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé nìyẹn.

Láti òkèèrè ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìtànṣán gámà, láti ibi tí ìràwọ̀ kan ti bú gbàù, bá kọlu afẹ́fẹ́ ayé wa, èérún wẹ́wẹ́ a tú jáde bí ọ̀wààrà òjò, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù a sì bá wọn rìn. Lórí ilẹ̀ gíga kan ní Nàmíbíà, tí ó fi nǹkan bí mítà 1,800 ga ju òkun lọ, ni àwọn awò ńlá H.E.S.S. ti ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀ yìí. Ní ọdún 2004 ni wọ́n ṣí mẹ́rin àkọ́kọ́ ní gbangba. Ìkarùn-ún dé ní ọdún 2012, fífẹ̀ dígí rẹ̀ sì tó mítà 28.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́? Ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ lásán lè tan ẹ̀rọ kan jẹ. Àwọn àgbà wa sì ti wí pé, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, láàárín awò mẹ́rin wọ̀nyẹn, bí méjì ó kéré tán kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í kà á sí.

Irú òfin yìí ni àwọn tí ń wá ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n mìíràn lójú ọ̀run náà ń lò. Ní ọdún 1961, Robert Schwartz àti Charles Townes kọ ọ́ pé irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè fi ìmọ́lẹ̀ lésà pàrokò ránṣẹ́ sí wa. Nígbà tó yá, Harvard àti Princeton ní Amẹ́ríkà dojú awò wọn kọ ìràwọ̀ kan náà lákòókò kan náà. Títí di òní, àrokò kankan kò tíì dé tí ẹ̀rí rẹ̀ fìdí múlẹ̀.

Kí ló wá kan ọ̀dọ́ Modákẹ́kẹ́? Òótọ́ ni pé ìkùukùu òjò, eruku ọyẹ́ àti iná ìlú kò jẹ́ kí ojú ọ̀run wa rọrùn fún irú awò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò jìnnà. Nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni ibùdó ìmọ̀ òfurufú tí à ń pè ní ARCSSTE-E wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2018 pẹ̀lú ni H.E.S.S. ti gbé díẹ̀ nínú ohun tí awò wọn rí sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìṣirò, tó sì ní kọ̀ǹpútà, lè jókòó sí Modákẹ́kẹ́ kí ó fi ojú ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.