Ohun tí ó ń Gé Ẹ̀mí Ẹ́ńjìnnì Bàálù Àwòṣe Kúrú: Àyẹ̀wò Ìtọ́jú Rẹ̀

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìtọ́jú àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké alágbára tí àwọn olùdíje ń lò nínú bàálù àwòṣe ní Amẹ́ríkà, Bìrìtéènì, Ítálì àti Japan. Èrò tí ó gbilẹ̀ láàrin ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò wọ́n ni pé eré àsápajúdé ni ó ń pa ẹ́ńjìnnì. Èrò náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò kún tó. Ó hàn gbangba pé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, àti nígbà tí ó wà nínú àpótí láìṣiṣẹ́, ni ó ń bà á jẹ́ jù.

Ó yẹ kí ìṣẹ̀dá ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ yé ni. Èyí tí wọ́n ń lò nínú ìdíje F2A, lábẹ́ òfin àjọ FAI, kò gbọdọ̀ ju 2.5 cc lọ, síbẹ̀ bàálù tí ó ń gbé lè sáré ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni epo rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀, irú èyí tí Ray Arden gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1947, kì í ṣáná bí ti mọ́tò. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi platinum ṣe ni ó wà nínú rẹ̀. Bátìrì ni yóò kọ́kọ́ mú un pọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, wọn a yọ bátìrì, ooru inú sílíńdà àti ìṣesí platinum sí oru mẹ́tánọ́ọ̀lù a sì mú kí ó máa pọ́n lọ. Ẹ́ńjìnnì náà kò ní àpò òróró tirẹ̀. Inú epo ni wọ́n ti ń po òróró pọ̀. Nítorí náà, bí epo tí ń wọlé bá dín, òróró dín nìyẹn, ooru a sì gorí rẹ̀.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni ọ̀nà tí ó yẹ láti fi ẹ́ńjìnnì tuntun mọ́ iṣẹ́. Nínú àwọn ti àtijọ́, irin ni písítìnì, irin ni sílíńdà. Àwọn méjèèjì ní láti fara ha ara wọn díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó bára mu. Fífi epo púpọ̀ wà wọ́n jẹ́jẹ́ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní ABC, alumíníọ̀mù ni písítìnì, idẹ tí wọ́n fi kúrómù bò nínú sì ni sílíńdà. Idẹ máa ń wú ju irin lọ bí ó bá gbóná, òkè sílíńdà ni ó sì ń gbóná jù. Nítorí èyí, àwọn tí ń rọ ọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òkè náà kí ó fún nígbà tí ó bá tutù. Bí ooru bá tó, á wú, àyè á sì tó fún písítìnì. Ẹni tí ó bá wá ń fi epo púpọ̀ wà á jẹ́jẹ́ láìjẹ́ kí ó gbóná rò pé òun ń kẹ́ ẹ ni. Ṣe ni ó ń fi písítìnì gún ibi tí kò tíì là, tí ọ̀pá tí ó so ó mọ́ kráńkì sì ń jẹ níbẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni pé kí ó sáré fún ìgbà díẹ̀, kí ó gbóná kíákíá, kí epo kàn fi díẹ̀ lé, kí ó sì tutù pátápátá kí wọ́n tó tún un wà. Ní ìgbà òtútù, àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú orí rẹ̀ móoru kí wọ́n tó yí i. Kò sì dára kí písítìnì tutù sí òkè pátápátá, nítorí yóò há síbẹ̀.

Ní ti òróró, òróró lárà kò tíì ní arọ́pò tí ó pé. Èso lárà tí àwọn Yorùbá mọ̀ yìí náà ni wọ́n fún òróró rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì alásọyí ti àwọn bàálù ogun 1914 sí 1918. Bí ooru bá mú un, ṣe ni ó ń ki sí i, tí ó ń rọ̀ mọ́ irin. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń fi ìdọ̀tí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sílẹ̀. Òróró àtọwọ́dá kì í dọ̀tí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dáàbò bo irin tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń po méjèèjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdógùn-ún ni ó gba àkíyèsí jù. Mẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Jíjó rẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń dá omi sílẹ̀: gíráàmù 32 mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ó bá jó tán yóò di gíráàmù 36 omi, yàtọ̀ sí èéfín. Bí nitromethane bá wà nínú epo, kíkan tí ń jẹ irin a tún dara pọ̀ mọ́ ọn. Inú ilé kráńkì ni gbogbo èyí ń rọ̀ sí, lórí bíárìn ẹ̀yìn, ní alẹ́ tí oníṣẹ́ ti sùn. Ẹ́ńjìnnì tí ó sáré fún wákàtí mẹ́wàá, tí wọ́n sì sun epo inú rẹ̀ tán, tí wọ́n kán òróró sí i, tí wọ́n sì yí i lọ́wọ́, a máa sàn ju èyí tí ó sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì gbé jù sínú àpótí.

Bàálù tí ó bá já lulẹ̀ ńkọ́? Ohun àkọ́kọ́ tí ọwọ́ ń yá sí ni láti yí abẹ̀bẹ̀ iwájú wò bóyá ẹ́ńjìnnì ṣì ń yí. Àṣìṣe ńlá ni. Iyanrìn tí ó wọlé yóò ha kúrómù kí ẹni náà tó mọ̀. Ṣe ni kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́.

Bí òróró tí ń jáde bá dúdú, tí ìró rẹ̀ sì ń ha, bíárìn ni ó ti jẹ. Kò yẹ kí wọ́n sún un síwájú, torí bí bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ bá fọ́, èérún rẹ̀ a gòkè lọ bá písítìnì. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì ṣòro: wọn a tú ilé kráńkì sílẹ̀, wọn a gbé e sínú ààrò títí yóò fi gbóná dáadáa, alumíníọ̀mù a wú ju irin bíárìn lọ, wọn a sì gbá a mọ́ pákó díẹ̀, bíárìn a já bọ́.