Bàbá Sàlá àti Ọjà Tí Olè Kó

Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, dágbére fáyé. Níhìn-ín ní Ketu tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún àwọn òbí ọmọ, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ń rín.

Olórin ni kí ó tó di aláwàdà. Sunny Adé pàápàá bá a ṣeré rí. Tẹlifíṣọ̀n WNTV Ìbàdàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, ni ó gbé e wọ ilé onílé.

Ní 1982 ó gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Kí ó tó rí owó rẹ̀ kó, àwọn olè ti dà á kọ sínú fídíò, wọ́n ń tà á kiri. Gbèsè dé. Ẹ̀yin oníṣòwò Mile 12, bí ẹ bá yáwó ra tòmátì láti òkè Ọya, tí olè sì tà á tán ní Ketu kí ọkọ̀ yín tó dé, ta ni yóò san owó náà?

Bàbá Sàlá kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó sọ ọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn títí ó fi darúgbó. Ní 1988 ìjọba ṣe òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, òfin tuntun tí wọ́n pè ní ti 2022 sì ti rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gba owó táṣẹ́rẹ́ láti da fíìmù olówó sínú fóònù oníbàárà, ojú pópó ni ó jókòó sí.

Òun kò fi eré sílẹ̀. Fíìmù kan tí ó ṣe lẹ́yìn náà, Mosebọ́látán ni ó pè é.